Férémù Tí Kò Lórúkọ

Gbà! Ó dún bí ẹni la àgbọn mọ́ òkúta. Láti bí àádọ́ta ọdún ni ìró yẹn ti ń bá Jayéọlá gbé. Ó sá lọ sí Àbíjáàn, ìró náà sì bá a débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ràódàt, ọmọ Ọládépò ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Férémù kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ògbólógbòó, kò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà.

"Bàbá, àwọn àna Haneefah ọmọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ìwádìí wa. Wọ́n ní ìdí olè ni wọ́n pa bàbá mi sí, àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀yin lọ̀rẹ́ bàbá mi. Ta ló ṣe kẹ̀kẹ́ yìí tí wọ́n ní wọ́n bá lọ́wọ́ wọn?"

Jayéọlá mọ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni Ọládépò alágbẹ̀dẹ ṣe jó àwọn irin rẹ̀ pọ̀. Ó tilẹ̀ bi í nígbà náà pé, "Orúkọ rẹ ńkọ́ lára ẹ̀?"

Ọládépò rẹ́rìn-ín. "Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó bá ń gùn ún ni yóò máa pè mí."

Òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún wá fún Jayéọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àfi bí wọ́n ṣe jí kẹ̀kẹ́ tíṣà kan gbé lọ́sẹ̀ yẹn. Èrò yí Ọládépò ká lójú ọ̀nà.

"Ó ti ha orúkọ tó wà lára kẹ̀kẹ́ náà kúrò! Olè!"

"Èmi ni mo ṣe é!"

"Ìwọ? Ṣé ìyá ẹ ló bí kẹ̀kẹ́ ni?"

Wọ́n fi òkúta fọ́ orúnkún rẹ̀. Wọ́n fi pátákó gbá a lẹ́nu, eyín dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Ó fi àyà wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín èrò.

"Jayéọlá! Pe orúkọ mi!"

Ẹni tó di ọmọ odó mú yíjú sí Jayéọlá. "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jí i ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n rí," ni Jayéọlá wí.

Gbà!

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kọ èsì, tó ń pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ránṣẹ́:

"Ràódàt, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí wọ́n ń ki igi ìjókòó bọ̀. Wàá rí irin àdá tí bàbá rẹ fi há páìpù náà nínú kó má baà tẹ̀. Ọládépò ló ṣe é. Èmi ló ṣe é fún. Mo dúró níbẹ̀, mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Gbé e lọ fún àwọn àna rẹ, kí o sì pè mí lójú wọn."