Ibi Tí Ọwọ́ Lùkúmọ̀n Parí Sí

Kì í ṣe èyí. Èyí náà kọ́... Mo tún ti gbé e dé ojú fèrèsé, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mi ò sì mọ̀. Ibo ni ọmọ mi kọ̀wé mọ? Ìlà wo ló kọ kẹ́yìn nínú àwọn káàdì ọjà wọ̀nyí kó tó kú? Kí n ṣáà mọ ìlà yẹn. Kí n yọ káàdì tí ìlà náà wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí n fi há inú Kùránì mi, kí n wá kó ìyókù fún Kúbúrá, àbúrò rẹ̀...

Mùsílíù, awakọ̀ tó máa ń bá wa ra ọjà, ń lọ sí Kánò. Ó sọ ọ́ láàárọ̀ bó ṣe ń kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù mọ́tò rẹ̀: "Ìyá Lùkúmọ̀n, tí mo bá ti kírun Àlàásárì, mo ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n mọ ohun tí n ó rà." Ohun tí yóò rà — inú káàdì ló wà. Káàdì sì wà lórí itan mi. Ọjọ́ tí a ṣe àdúà fìdáù ọmọ mi tán ni mo já gbogbo wọn kúrò lára pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, mo tì wọ́n mọ́ inú àpótí. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀bù ti ń táràrà bí afọ́jú.

Mo mọ̀. Ta ni yóò sọ ọ́ fún mi? Òtútù Jos kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí kúbùsù àti súwẹ́tà kò bá wọlé nínú oṣù kẹsàn-án yìí, kí la ó tà nígbà tí ọyẹ́ bá dé? Kí la ó máa jẹ? Oṣù tó kọjá mo fi orí lásán ránṣẹ́ ọjà, fìlà ọmọdé ló tún wọ́ dé, èyí tó ti kún ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kúbùsù ò sí ńbẹ̀. Hàúwà tó ń ta ṣúgà ní iwájú wa pàtẹ́wọ́: "Kai, Ìyá! Ṣé gbogbo aboyún Jos ló wá sọ fún yín pé ìbejì làwọ́n gbé sínú ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ...

"Orí yín pé, Ìyá." Ohùn rẹ̀ nìyẹn, Lùkúmọ̀n mi, lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ kùsà tó ń bá ṣiṣẹ́ ní kó máa lọ ilé, tó kó ọgbọ́n tó kọ́ ní sítọ̀ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Ali Kazaure. "Orí yín pé, ṣùgbọ́n orí ń sùn, orí ń ṣàìsàn. Káàdì kì í sùn." Ọjà kọ̀ọ̀kan, káàdì tirẹ̀. Ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù. Lókè, ó fi bírò pupa kọ iye kan: bí ohun tó kù bá ti sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀, kí á ránṣẹ́, kí á má dúró dìgbà tó bá tán.

Mo bínú sí i nígbà náà. Mo ní ṣé mi ò mọ ọjà mi mọ́ ni. Ó jókòó tì mí, ó ń fi ìka tọ ìlà: "Ẹ wò ó, inú òjò ni fìlà ọmọ ń tà. Àwọn aboyún ń rà á sílẹ̀ ni. Inú ọyẹ́ lẹ̀yin sì ń lọ rà á wá, ó wá ń bá yín jókòó." Láti ìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò rí i. Ọmọ mi rí i.

Ọmọ mi... Yà Ọlọ́hun. Mi ò bá Ọ jà. Ìwọ lo ni ín, mo ń sọ ọ́ lórí ẹní ìkírun yìí lójoojúmọ́. Ìkọ̀wé rẹ̀ nìkan ni mo ní n tọ́jú. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù?

Àná ni Kúbúrá dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti bírò. "Ìyá, ẹ kó wọn fún mi o. Mo mọ̀ ọ́n kọ, wallahi. Yáyà ló kọ́ mi." Yáyà ló máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọmọ Hausa. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ — gbígbà kọ́, mo já a gbà ni. Mo ní, "O fẹ́ fi tìẹ bo ti ẹ̀gbọ́n ẹ mọ́lẹ̀?" Ó wò mí. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ jẹ́ n tún un wò. Òǹkà méje tí wọ́n fa igi dábùú láàárín, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ kùsà. Ọwọ́ Lùkúmọ̀n nìyí. Èyí náà. Èyí... rárá, lọ́jọ́ yìí ó ti wà ní ọsibítù, ibà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa ẹyin, kò lè di ṣíbí mú. Kúbúrá ló kọ èyí nígbà náà. Lókè ńkọ́, kí ibà tó dé? Igi kan náà. Ìtẹ̀ kan náà. Ìyá wo ni kò mọ ọwọ́ ọmọ méjì yàtọ̀?

Mo ń wá ibi tó ti já. Kò já. Ìlà tẹ̀ lé ìlà, ọjà ń wọlé, ọjà ń jáde, kò síbi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ṣé ohun tí Lùkúmọ̀n ń ṣe látìgbà tó ti ń kọ́ àbúrò rẹ̀ nìyẹn, kí ọwọ́ kan kúrò, kí òmíràn bọ́ sí i, kí oníbàárà má tiẹ̀ mọ̀? Ó yọrí, ọmọ mi. Ó yọrí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. O ò fi ojú ibì kankan sílẹ̀ fún mi tí n ó ti máa sunkún rẹ...

Ó ku káàdì kúbùsù ńlá.

Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ wo nìyí? Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni. Ọjọ́ tó kú. Jáde: méjì. A ta kúbùsù lọ́jọ́ tí Lùkúmọ̀n kú? Èmi àti bàbá wọn wà ní ọsibítù, ta ló — Kúbúrá. Èmi ni mo ní kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Àwọn ará àdúgbò ti kún ilé wa, wọ́n ti ń wẹ òkú, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni sí i.

Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ fìdáù. Mò ń bu mósà fún àwọn àlejò, mi ò dúró gbọ́. "Ìyá, ẹni tó ra kúbùsù yẹn ní, 'Allah ya jikansa.' Mo bi í pé, ta ni?"

Ta ni... Kí Ọlọ́hun ṣàánú rẹ̀, ni oníbàárà wí; ẹnu rẹ̀ ni ọmọ náà ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun kú.

Ó sì kọ méjì yẹn. Ó gún régé. Ibi ohun tó kù, kò kọ nǹkan kan. Òfìfo. Ibi tó ti já rè é o, èmi Hàbíbátù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já wà láàyè, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, òun nìkan, láìsí bírò.

Wọ́n ti ń pe ìrun. Mi ò tíì dìde. Mi ò tiẹ̀ bi í léèrè rí, ta ló bá a ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.