Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Àkọ́bí Zuwera

4.

…bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Bádéjọ ṣe ti gbogbo káàdì aláìsàn mọ́ yàrá, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ti tẹ ohun tó wà nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà tán; fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kọ̀ǹpútà nìkan ni kílíníìkì Barnawa nílẹ̀ Hausa yóò máa lò. Moróunkẹ́ ní, "Ó dáa, sà." Irọ́ ni o, kò dáa nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi tọ́jú káàdì wọ̀nyẹn! Ṣùgbọ́n ìparí oṣù ló ń fẹ̀yìn tì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà sì ti gbé e lé e lọ́wọ́ pé, nínú ètò kọ̀ǹpútà méjì, kó yan èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀.

5.

ÌKÉDE

SỌ ORÚKỌ RẸ.
SỌ ORÚKỌ BÀBÁ RẸ.
SỌ ỌJỌ́ ÌBÍ RẸ.

(Ẹnìkan ti fi báírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ṣé ká fi ti àna wa kún un?)

6.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà 1997, ọwọ́ Moróunkẹ́:

ÈTÒ ÈKÓ. Ó rẹwà. Tí o ò bá tẹ orúkọ, kò ní ṣí. Alágídí.

ÈTÒ JAPHET (ọmọ àdúgbò Makera níbí ló ṣe é). Kò lẹ́wà. Ohun tóo bá tẹ̀ ló gbà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

7.

Ọjọ́rú. Ètò Èkó. Bilqees, tó máa gba ipò Moróunkẹ́, ló ń tẹ̀. Hausa ni wọ́n sọ.

BILQEES: Hajiya, ara ọmọ yín gbóná o. Orúkọ ẹ̀?
ZUWERA: (ó wolẹ̀) Ọmọ mi ni.
BILQEES: Mo mọ̀. Ẹ̀rọ yìí ló ní dandan.
ZUWERA: Ẹ bi bàbá ẹ̀.
BILQEES: Bàbá ẹ̀ dà?
ZUWERA: Ó wà ní Kano.

8.

Ẹ má pe Zuwera ní alágídí o. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, ojú á tì í. Ṣebí ìyàwó ilé lọ́dọ̀ tiwa náà kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Bilqees tí wọ́n bí sí Trikania mọ̀ bẹ́ẹ̀. Moróunkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ìyá ló fi ń mọ káàdì ọmọ. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀.

9.

Ètò ò ṣí. Dókítà ti kọ pẹnisílíìnì láìrí àkọsílẹ̀ ọmọ náà, Nọ́ọ̀sì Sarah sì ti fa abẹ́rẹ́.

10.

"Sarah, dúró! Pẹnisílíìnì kọ́! Ojú ọmọ yìí wú lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó kú!"

Moróunkẹ́ ò wo káàdì, kò wo ẹ̀rọ. Ọmọ náà gba oògùn mìíràn, ó sùn. Moróunkẹ́ ni ò lè jókòó. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Lóṣù tó ń bọ̀, ta ni yóò pariwo?

11.

Dókítà sí Moróunkẹ́: Màmá Ayọ̀mípọ̀sí, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ẹ yáa yan ti Japhet. Ẹ fọwọ́ sí i.

Moróunkẹ́ sí dókítà: Ẹ fara balẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná.

12.

Moróunkẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ètò Japhet:

AKOBI ZUWERA?

> 1. AKOBI ZUWERA. BARNAWA
> 2. AKOBI ZUWERA. BARNAWA
> 3. AKOBI ZUWERA. TRIKANIA

Háà! Ọ̀kan nínú wọn ni pẹnisílíìnì lè pa.

13.

Ọjọ́ Ẹtì. Ètò Japhet. Moróunkẹ́ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Ó ní, "Bilqees, má wojú mi. Mo ti lọ Ògbómọ̀ṣọ́." Zuwera dé, kí wọ́n lè tún ọmọ náà wò.

BILQEES: Hajiya, ta lẹ pọ̀n yẹn?
ZUWERA: Lami.
BILQEES: Ta wá ni ẹ̀gbọ́n Lami?
ZUWERA: (ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan orí ọmọkùnrin náà) Òun rèé.

EGBON LAMI?

> 1. AKOBI ZUWERA, EGBON LAMI. BARNAWA. KO GBODO GBA PENISILINI

Ọ̀kan ṣoṣo! Lánàá ló ti gbọ́ orúkọ àbúrò àti oògùn èèwọ̀ lẹ́nu Moróunkẹ́, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àkọ́bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí Bilqees pé, ẹ jọ̀ọ́.

14.

MO YAN: Ètò Japhet.
ÌDÍ: Ó ń gba ohun tí ìyá bá lè sọ.
ÌFỌWỌ́SÍ: 

15.

Abiyamọ kan wọlé, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

BILQEES: Orúkọ ọmọ?
ABIYAMỌ: (ó wolẹ̀) Àkọ́bí ni.
BILQEES: Àbúrò ẹ̀ ńkọ́?
ABIYAMỌ: Haba! Oṣù mẹ́rin péré ni.

Moróunkẹ́ mọ ọmọ náà. Ó mọ ilé wọn, ó mọ oògùn tí kò gbọdọ̀ kàn án. Àmọ́ ó ti lọ Ògbómọ̀ṣọ́; báírò rẹ̀ dúró lórí ìwé tí kò tíì fọwọ́ sí.

Bilqees fa àga rẹ̀ sún mọ́ abiyamọ náà, ó ń wá ìbéèrè mìíràn tí ìyá lè dáhùn.