Ìbọn Tí Pakou Kò Gbà

"Gbà á, ọmọ mi," Orville Haugen wí, ó sì na ìbọn náà sí Pakou Xiong.

Pakou kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ́kọ́ ṣí i kí n rí inú rẹ̀."

"Mo ti ṣí i."

"Ẹ ò tíì ṣí i, sà."

Àwọn ọmọ tó kù yíjú wò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Pakou. Orville ti lé ní ọgọ́rin. Òun ló dá ẹgbẹ́ ayìnbọn ilé-ìwé girama yìí sílẹ̀ ní ìlú kékeré wọn ní ìpínlẹ̀ Minnesota, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí bí a ṣe ń di ìbọn mú. Ìbọn tí Pakou ń lò ló há lẹ́ẹ̀kan, tí Orville gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tún un ṣe. Ó ń dá a padà nísinsìnyí, ìbọn náà sì wà ní pípadé.

"Pakou," Tanner Lokken pè é láti ẹ̀yìn, "ṣé Bàbá ni yóò wá pa ẹ́? Gbà á, jàre, òjò ń bọ̀."

"Ìwọ wá gbà á," Pakou dá a lóhùn. Kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́yìn.

Karla Haugen, olùkọ́ àgbà ẹgbẹ́ náà, wà níbi tó ti ń wò wọ́n. Orville ni bàbá tó bí i. Karla rí i pé ojú Pakou ti pọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yẹsẹ̀. Orville rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kọ ẹnu ìbọn sí pápá tó ṣófo, ó fa irin tí a fi ń ṣí i sẹ́yìn. Ọta pupa kan fò jáde, ó bọ́ sórí koríko.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Orville.

Gbogbo wọn ló mọ òfin. Ẹni tó bá gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ kúrò ní ààyè ìyìnbọn, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn ẹgbẹ́ mọ́ títí yóò fi jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orville ló ṣe òfin náà. Lọ́dún tó kọjá, ó fi lé Tanner lọ sílé, bẹ́ẹ̀ Tanner ló mọ ìbọn yìn jù nínú ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n lè fi èsì wọn ránṣẹ́ fún ìdíje ìpínlẹ̀. Tanner, Pakou àti àwọn mẹ́ta mìíràn kò tíì yìnbọn tiwọn. Àgbàlagbà méjì tó gba ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ wà ní pápá kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn, olùkọ́ kẹta sì wà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí. Bí Orville bá lọ, ìdíje ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Karla wo ojú ọ̀run. Ó wo àwọn ọmọ náà.

"Kóòṣì," Tanner sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí Bàbá kàn lọ jókòó sórí àga. Àwa ò rí nǹkan kan."

"Èmi rí i," Pakou wí. Omi ti lé sí i lójú. "Mi ò lè sọ pé mi ò rí i."

Karla mí kanlẹ̀. "Ó tó. Ẹ ṣí gbogbo ìbọn, ẹ gbé wọn kọ́. A ti parí. Bàbá, ẹ lọ dúró dè mí nínú ọkọ̀."

Orville bọ́ ẹ̀wù olùkọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó sì lọ.

Tanner ta koríko nípàá. Nígbà tó yá, ó lọ bá Pakou níbi tó ti ń kó àpótí ọta. "Èmi ì bá ti gbà á," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ní èmi ì bá ti gbà á láìwo inú rẹ̀ ni." Ó gba àpótí tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, bàbá àti ọmọ kọjá oko àgbàdo tó kángun sí ìlú.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Karla wí.

"Kí lo ń bẹ̀ mí fún? Mo rí ẹ. O wo ojú ọ̀run, o wo àwọn ọmọ, ó kù díẹ̀ kó o wo ti pé bàbá rẹ ni mí. Ọmọ yẹn ò wo ẹnikẹ́ni. Ìbọn ló wò."

Karla rọra dín eré ọkọ̀ kù.

"Ìka mi ti ń kú láti ìgbà òtútù," Orville wí. "Mo máa ń rò pé mo ti fa irin náà ṣí ìbọn, kó má sì jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ìgbéraga. Kí ni kò bá tún jẹ́?" Ó wo ìta. "Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ẹ̀kọ́ ààbò lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ̀yin ni."

"Wá ẹlòmíràn. Èmi máa jókòó."

Lọ́jọ́ Ajé, Orville jókòó sórí àga kékeré láàárín àwọn ọmọ tuntun nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í wò ó tìyanu-tìyanu.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ò yìnbọn rí ni?"

"Mo ti yìn ín díẹ̀. Ẹnu ẹni tó ń kọ́ wa ni kó o máa wò."

Karla dúró níwájú wọn, Pakou sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Karla ti múra ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà mi orí sí i pé kó sọ òótọ́.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Karla wí, "bàbá mi gbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ fún ọmọ kan ní pápá wa."

Orville ṣí fìlà, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè, kí àwọn ọmọ náà lè mọ bàbá tí ó ń sọ.