Màmá Ní Ara Mi Le

Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé oògùn ò gbójú sókè. Ó wo káàdì mi, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tì í padà sí mi lábẹ́ gíláàsì.

"Kò sí oògùn fún ẹ mọ́."

"Ṣé ó ti tán ni?"

"Kò tán. Wọ́n ní kó o má lò ó mọ́ ni."

Ibi tí mo dúró sí náà ni mo ti ka káàdì ọ̀hún, ẹni tó wà lẹ́yìn mi sì ń fi àpò ọwọ́ rẹ̀ gún mi nídìí pé kí n yára. Ìlà tó gbẹ̀yìn kà báyìí pé: "Ara ti le pátápátá. Kò nílò oògùn mọ́. Ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Màmá sì ti tọwọ́ bọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlà gígùn tó máa ń fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń fi okùn so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún káàdì mi ṣe. Dókítà á béèrè bí mo ṣe ń sùn àti bí mo ṣe ń jẹun, á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fún mi ní páálí mẹ́ta oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kí n lọ lóṣù tó kọjá, hòtẹ́ẹ̀lì kan kó irinwó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá sí ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá wa sì ní ẹni tó bá kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù kó má wulẹ̀ padà. Mo bẹ Màmá kó bá mi lọ. Páálí kan ló mú bọ̀. Ó ní ohun tí wọ́n rí fún òun nìyẹn. Èmi òmùgọ̀, mi ò béèrè nǹkan kan.

Ó ku mẹ́rin nínú páálí náà. Mo mọ ohun tó wà níwájú. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo rò pé mo ti gbádùn, mo fi oògùn sílẹ̀ fúnra mi, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri yàrá mi. Mo mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri yẹn. Mi ò fẹ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo bá Màmá níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì.

"Màmá, kí lẹ sọ fún wọn nílé ìwòsàn?"

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ bá mi gba oògùn."

"Ẹn-ẹ́n. Wọ́n ní ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn ṣì ń dà ẹ́ láàmú. Mo ní rárá o, ara ẹ ti le."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bíi pé mo béèrè ìdí tí òun fi ń wọṣọ jáde nílé. "Ìyá onílé wà lẹ́yìn mi! Ó na etí bí ehoro. Ṣé kí n wá dúró láàárín èrò, kí n máa fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ mi ò gbádùn?"

Ìyá onílé yìí kan náà ni Màmá sọ fún pé fítámì ni mò ń lò.

"Wọ́n ti dá oògùn náà dúró, Màmá. Páálí tẹ́ ẹ mú wá yẹn, èyí tí wọ́n ní kí n fi dágbére fún un ni."

"O ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ò ń lọ síbi iṣẹ́. Lánàá yìí, o jẹun tán, o fọ abọ́. Kí lẹni tó ń fọ abọ́ fẹ́ fi oògùn ṣe?"

"Oògùn yẹn ló ń fọ abọ́, Màmá."

"Kó yáa máa fọ ìkòkò náà, torí o ò fọ ìkòkò."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá akọ̀wé tó ń tọ́jú káàdì, ọkùnrin kan tó fi bírò há etí, tó sì tún ń wá bírò kiri lórí tábìlì. Mo ní mo fẹ́ rí dókítà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ọ̀gbẹ́ni, èmi ni mò ń ṣàìsàn. Èmi náà rèé níwájú yín, mò ń sọ fún yín pé ara mi ò le."

"Káàdì ní ó le."

"Ṣé káàdì ló ń lo oògùn ni?"

"Ẹ má bínú sí mi, àǹtí. Ìyá yín ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ti ìlẹ̀kùn ní í ṣí i. Tí wọ́n bá wá fúnra wọn wá yí ọ̀rọ̀ wọn padà, ẹ máa rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí wọn ò bá wá, ẹ dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí!"

"Ẹ kú oríire," ló wí, ó sì ń bá wíwá bírò lọ.

Màmá ní òun á lọ. Lọ́jọ́ Ajé, orúnkún ń dùn ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣú, kò sì rọ̀. Lọ́jọ́rú, ó ní kí n jẹ́ ká ronú ohun tá a máa sọ, kí ọ̀rọ̀ má lọ bọ́ sódì. Mo fi síṣọ́ọ̀sì gé oògùn mẹ́rin sí mẹ́jọ, mò ń lo ààbọ̀ lójúmọ́, bí ẹni ń fi ìka bu omi panná. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ku ẹyọ kan, Màmá ṣì ń ronú.

Ọjọ́ kẹta tí mi ò lo nǹkan kan mọ́ ni mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lórí mi. Mi ò lè fi orúkọ míì pè é. Tí mo bá kàn yíjú láti ọ̀tún sí òsì, nǹkan á bù yẹ̀rì nínú agbárí mi, ilẹ̀ á sì yẹ̀ díẹ̀. Mi ò rí oorun sùn, ẹkún sì ń wù mí sun láti òwúrọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ torí rẹ̀ sun ún. Nídìí áyọ́ọ̀nù, iṣẹ́ mi kò ju kí n yíjú lọ: yíjú mú ẹ̀wù, yíjú fọ́n omi, yíjú fi kọ́ hẹ́ńgà.

Ọ̀gá wa gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wá bá mi. Ojú áyọ́ọ̀nù ti jó o lẹ́yìn, gbogbo ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ hàn kedere.

"Ìwọ lo lọ eléyìí, àbí iwin?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni kí n wá gbé fún ẹni tó ni ín báyìí, aṣọ àbí èédú?" Ó di apá mi mú. "Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

Mo wolẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ti bó ọrùn ọwọ́ mi, ó pọ́n, ó ń ṣomi. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló já mi láyà ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé, kí n má sì padà wá títí orí mi á fi pé.

Mo fi ọwọ́ náà han Màmá. Ó wò ó pẹ́. "Lọ́la, aago méje," ó wí. "Tó o bá pẹ́, mi ò lọ mọ́."

Ọ̀dọ́ ni dókítà, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kì í pa dé dáadáa. À ń gbúròó àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó sì dájú pé àwọn náà ń gbúròó wa.

"Màmá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ní ara ọmọ yín ti le."

"Ẹ ṣeun, dókítà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé ó le lóòótọ́?"

"Ó… ó sàn díẹ̀."

"Ó sàn díẹ̀ báwo?"

"A ṣáà ń dúpẹ́."

Ó ṣe mí bíi kí n gé tábìlì náà jẹ. "Màmá!"

"Má pariwo lé mi lórí níwájú ọmọlọ́mọ."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, tí ara rẹ̀ bá le, mi ò lè kọ oògùn fún un. Tí kò bá le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Màmá dìde. Mo rò pé ó ti ń lọ nìyẹn. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sídìí ìlẹ̀kùn, ó fi ti ìlẹ̀kùn náà pa, ó sì jókòó lé e. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré débi pé dókítà ní láti tẹ̀ síwájú.

"Nígbà tó fi oògùn sílẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí n tó bọ́jú láàárọ̀, màá lọ gbé etí lé ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, gbàràmù, kó lè bínú sí mi. Tó bá ti kígbe pé 'Màmá, kí ló dé!', màá mọ̀ pé ó wà. Lọ́jọ́ kan, mo jù ú nígbà mẹ́ta. Kò dáhùn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè ṣílẹ̀kùn." Ó nu ẹnu. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti tún ń jù ú. Lánàá, kò kígbe."

Ní gbogbo ìgbà tí ìdérí yẹn bá ti dún, ńṣe ni mò ń bú u nínú mi pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbá nǹkan mú mọ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Dókítà kọ̀wé pẹ́. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni màá fi padà sí iye tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, kí n má retí pé orí mi á balẹ̀ lónìí tàbí lọ́la, kí n má sì tíì sún mọ́ áyọ́ọ̀nù. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ló kọ fún mi, ó ní kí àwa méjèèjì jọ padà wá.

Obìnrin fèrèsé oògùn yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Wọ́n ní kó o tún máa lò ó," ó wí, bí ẹni tó ń ròyìn fún mi. Mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi ẹ̀rọ ìta mu lé e. Mo yíjú, mànàmáná kọ.

Màmá ti wà lójú títì. Inú ń bí i, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè.

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo àwọn orí bẹ́ńṣì yẹn gbọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì! Wọn ò lè fún èèyàn ní ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ṣé ilé wọn là ń gbé ni? Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀! Ọjọ́ iṣẹ́!" Ó pòṣé. "Sọ fún ọ̀gá ẹ látìsinsìnyí pé o ò níí wá. Tó bá ní kí ló dé, sọ fún un pé ìyá ẹ ni ara ẹ̀ ò yá, ìwọ lò ń mú u lọ gba oògùn."

"Ṣé kí n parọ́ mọ́ yín ni?"

"Ta ló béèrè lọ́wọ́ ẹ?" ó wí, ó sì sọdá títì láì wo ẹ̀yìn.