Oògùn Ẹnìkan Ṣoṣo

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi láti mú un lọ sí ọsibítù, mo sì bá èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ wọn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wà níwájú, ó fọwọ́ ti ògiri. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ni aránbàtà tó ń gbé yàrá òdìkejì, ó ká tíṣù mọ́wọ́. Ẹnìkan tún wà nínú ilé ìgbẹ́ tí a kò rí, ìró rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó yẹ kó máa sáré, ló jókòó ní pálọ̀ tó ti wọ bàtà, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ gba owó.

"Kí ló dé?" mo bi ìyàwó rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o." Orúkọ tó fún mi láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa nìyẹn. "Oògùn yẹn mà dáa. Ó ń fọ inú bí ẹni fi iyanrìn fọ ìkòkò."

"Oògùn wo?"

"Èyí tí dókítà fún bàbá wọn. Odindi ike ńlá, ta ni yóò dá a mu? Mo ní kí kálukú bu díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mà," ni aránbàtà wí. "Ó ti pẹ́ tí inú mi ti ń kún."

"Ìyàwó wa," mo ní, "oògùn ẹnìkan ṣoṣo ni. Ìyá arúgbó lo tún wá fún mu, kó lè dákú sí ọ lọ́wọ́?"

Ìyá náà ò wẹ̀yìn. "Mi ò ní dákú. Ẹ ṣáà ní kí ẹni tó wà nínú ibẹ̀ yẹn jáde."

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Má-kánjú ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí èsì tó máa ń fún wọn nìyẹn bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ilẹ̀kùn wọn yóò parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó pa ṣúgà tì, ó sì gbà pé ìtọ́jú ti parí. Jẹ̀díjẹ̀dí náà la pe ti bàbá wa. A ń pè é bẹ́ẹ̀ títí tí dókítà fi sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, pé ó ti tàn ká.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bá a jà, kó tó gbà láti lọ. Dókítà ṣàlàyé fún un lójú mi. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí ni wọn yóò fi wo ìfun rẹ̀ láti ìdí lọ sókè. Bí ẹran kékeré kan bá ń hù lára ìfun náà, wọn yóò gé e kúrò kó tó di jẹjẹrẹ. "Ṣùgbọ́n inú gbọ́dọ̀ mọ́," ni dókítà wí. "Bí kò bá mọ́, mi ò ní rí nǹkan kan." Kò ju kó máa mu omi nìkan, kó má jẹun, kó sì mu oògùn inú ike kan títí tí yóò fi tán. Ohun tí ọmọdé lè ṣe ni.

A lọ náà. Nọ́ọ̀sì bi í bó ṣe mu oògùn rẹ̀ sí.

"Mo mu ún."

"Ṣé ẹ mu ún tán, sà?"

"Ó tán nínú ike," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Irọ́ kọ́.

Wọn ò pẹ́ nínú yàrá tí dókítà fi jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Kò ṣeé ṣe," ó ní. "Ó dà bí kí ènìyàn máa wo ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn òjò." Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó ń wá ọjọ́ mìíràn. Oṣù mẹ́rin sí ìgbà yẹn ló rí.

"Oṣù mẹ́rin," mo ní. "Ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀."

"Àǹtí, èrò pọ̀."

"Ṣé gbogbo èrò náà ló ń wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa wá kẹ̀? Lánàá òde yìí, ẹni méjì ò wá. Dókítà jókòó, ó ń wo àjà."

Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, ibùsùn ṣófo, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo ní bí mo bá mú un wá lówùúrọ̀ ọ̀la pẹ̀lú inú tó mọ́, tí ẹnìkan ò sì wá, ṣé wọn yóò gbà á? Nọ́ọ̀sì wo dókítà. Dókítà ní kí a wá jókòó, ṣùgbọ́n òun ò ṣèlérí.

Mo ra ike oògùn mìíràn. Ilé ara mi ni mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú ilé tirẹ̀. Mo gbé àga mi síwájú rẹ̀, mo rọ ife kìíní.

"Ó dà bí omi iyọ̀ tí wọ́n po ọṣẹ mọ́."

"Ẹ mu ún."

"Jẹ́ kí èyí tí mo mu sọ̀ kalẹ̀ ná."

"Yóò bá èyí tó ń bọ̀ sọ̀ kalẹ̀."

"Ìwọ yìí, bí wọ́n bá fi ẹ́ ṣe ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n ni yóò pe ìjọba lẹ́jọ́."

Mo na ife náà sí i. Ó mu ún, ó lọ, ó bọ̀, mo tún rọ òmíràn. Nígbà tí ike náà dé ìdajì, ó gbé ife sílẹ̀.

"Má bínú sí ìyàwó mi mọ́," ó ní. "Èmi ni mo ní kó pín in."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Ẹ̀yin?"

"Dókítà ní bí inú ò bá mọ́, òun ò ní rí nǹkan kan." Ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá wa ń jẹun, wọ́n ń rìn. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wọn ni wọ́n dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n lọ."

Ó ti yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Gbogbo ìrìn náà, gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà, ó sì ti dá a rò lọ́kàn kí a tó jáde nílé.

"Sísọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ ló pa wọ́n," mo ní. "Pípẹ́ tó pẹ́ ni. Àìtètè mólè ló jẹ́ kólè mólóko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ra pákó láìyẹ̀dí rẹ̀ wò, ẹ wá fẹ́ kí ara yín jẹrà lókùnkùn kẹ́ ẹ má baà rí i."

Ó na ọwọ́ sí ife náà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀. Àwọn tó ni ọjọ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, gbogbo wọn pé pérépéré, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ebi ń pa ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní ká máa lọ. Nígbà tí oòrùn wọ ojú fèrèsé ni nọ́ọ̀sì pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́. Ó tún un pè. Mo ti dìde.

Ẹran mẹ́ta ni wọ́n gé lára ìfun rẹ̀. Ọ̀kan tóbi tó àtàǹpàkò, òun ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Ọjọ́ tí a padà lọ, dókítà ní èyí tó tóbi náà ti ń yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ, gbogbo rẹ̀ ló sì ti kúrò. Ó ní kó padà wá fún àyẹ̀wò lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó wá.

Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá wọn, kí ni wọ́n rí?"

Mo mọ bó ṣe máa ń sọ ọ́: kò sí nǹkan, má kánjú. Mo ti pinnu pé bó bá sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní tẹ ilé náà mọ́.

Ó jókòó. "Wọ́n rí nǹkan," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Gbọ́ mi ná. Pe àwọn ọmọ jáde."

Wọ́n jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ìparí kó tó dé ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ẹran kan kún mẹ́ta, ó pe kámẹ́rà ní tọ́ọ̀ṣì. Ahọ́n mi ń yún mi láti tún un ṣe. Mo fi eyín tẹ̀ ẹ́.