Gbòǹgbò Asofẹ́yẹjẹ fún Apáwọnòkámi

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ọkọ Fàlílátù, Jamilah tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé sọ ọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn pé opó náà kò ní lè dá gbé ilé Ìjẹdé fún ọdún kan. Kí ni èsì Fàlílátù? Ajá ló lọ rà, ó sì sọ ọ́ ní Apáwọnòkámi. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í sọ ajá lórúkọ lásán? Bí ará ilé ọkọ bá ti yọjú, á máa ké orúkọ ajá náà láìdákẹ́. Jamilah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò wá sí Ìjẹdé mọ́.

Ọdún gorí ọdún, kókó yọ lọ́mú ajá. Morádéyọ̀, dókítà ẹranko ní Ìkòròdú, ní jẹjẹrẹ ni.

"Mà, apá wa ò tíì ká a. Àmọ́ à ń yọ èròjà kan lára gbòǹgbò igi asofẹ́yẹjẹ, a sì ń dán an wò lára ajá. Ó lè ṣiṣẹ́, ó lè má ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò ọ̀hún ló tán lọ́wọ́ wa."

Fàlílátù mọ ibi tí asofẹ́yẹjẹ wà: ẹ̀yìnkùlé Jamilah ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ojú tì í púpọ̀. Ṣùgbọ́n ajá yìí nìkan ló ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó bá ti ọjà dé. Ó wọkọ̀.

Jamilah gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán. "Kí lorúkọ ajá ọ̀hún, ìyàwó wa?"

Fàlílátù kúnlẹ̀. "Apáwọnòkámi ni, Ìyá Zikrullah."

"Èmi ni 'wọn' yẹn, àbí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Jamilah dìde. Ó mú ọkọ́, ó ń wú gbòǹgbò, ó ń kùn pé òun ò rí irú àfojúdi báyìí rí, pé kí itọ́ ajá kankan má ṣe kan òun. Ó wú u débi pé igi náà wó.

Oògùn bẹ̀rẹ̀, kókó súnkì díẹ̀, ajá tún ń jẹun. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí oògùn tó dé, dókítà ò sì fi bò.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ajá náà kú ni Jamilah ru gbòǹgbò tó ṣẹ́kù dé Ìjẹdé. Ó bá Fàlílátù lẹ́nu ọ̀nà, òkú ajá lórí itan rẹ̀. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó tì í.

"Gbé gbòǹgbò yìí fún dókítà. Ajá ẹlòmíràn lè jèrè rẹ̀."

Ìgbà náà ni ẹkún gbọn Fàlílátù. Kò sunkún níṣojú ará ilé ọkọ rí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ wọ sàréè.

"Ó fi èmi nìkan sílẹ̀," ló ń wí. Jamilah mọ̀ pé kì í ṣe ti ajá ló ń sọ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún àbúrò rẹ̀.