Rọ́bà Dúdú Mẹ́jọ

Ní gbogbo ìlú São Joaquim, Valdomiro mẹkáníìkì nìkan ló mọ ìdí tí ọkọ̀ Dona Iracilda fi ń daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, kò sì jẹ́ sọ. Ọkọ̀ kékeré náà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Epo ìrèké, èyí tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe dípò pẹtiróòlù, ló ń mu, òtútù orí òkè sì máa ń mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúkọ́ kó tó jí. Àmọ́ ti Iracilda kọjá ti òtútù.

Àṣìṣe ló kọ́kọ́ jẹ́. Ní oṣù kẹta, Valdomiro tú nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó pààrọ̀ asẹ́ wọn, ó sì fi òrùka rọ́bà tuntun sí ọrùn àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀. Rọ́bà dúdú ló mú, ti ọkọ̀ tó ń mu pẹtiróòlù. Pupa ló yẹ kó mú, torí epo ìrèké máa ń jẹ dúdú ni: á wú, á sán, epo á sì máa jò. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti ogójì ọdún ò yẹ kó ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Zulma ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ojú rẹ̀ kì í sí lára ohun tọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Iracilda padà wá. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, Valdomiro sì rọ omi gbígbóná sórí ewé kíkorò inú ahá, àwọn méjèèjì ń fi páìpù irin kan náà fa ṣimaráò, ìyẹn omi ewé náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń mu ṣimaráò kì í dúpẹ́. Á fà á tán, á dá ahá padà, wọ́n á tún rọ òmíràn fún un. Tó bá ti lè sọ pé "ẹ ṣé", ó tó o nìyẹn, kò tún mu mọ́. Iracilda ò dúpẹ́ títí omi kẹ́tùlù fi gbẹ. Ó bú àlùfáà tuntun, ó ráhùn nípa ápù rẹ̀ tí òtútù pa, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó lọ, ilé náà pa lọ́lọ́ débi pé Valdomiro ń gbọ́ agogo ara ògiri.

Ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tó tú àwọn nọ́súlù, ló rí àṣìṣe rẹ̀. Rọ́bà pupa wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó wò ó, ó ti dúrọ́ọ̀ padà, ó sì tún fi dúdú sí i. Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìwà ìkà ni. Ẹni tá a bá fi ọkọ̀ síkàáwọ́ rẹ̀, ẹ̀mí la fi síkàáwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìdánìkanwà kò dáa, ó máa ń sọ àgbà di olè.

Ní oṣù keje, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì dì gbagidi sórí koríko, Iracilda tún dé.

"Seu Valdomiro, ẹ wá gba òkú yín o! Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo yí kọ́kọ́rọ́ kó tó dá mi lóhùn. Ó ń ṣe fọ́ńté ju bíṣọ́ọ̀bù lọ!"

"Àgbà ni, Dona Iracilda. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún un."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé ọmọdé lèmi ni? Mo sì jí!"

Inú Valdomiro dùn. Ó gbé kẹ́tùlù kaná, ó tú àwọn nọ́súlù, ó tò wọ́n sórí ẹ̀rọ ìdánwò, kálukú pẹ̀lú gíláàsì tirẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fọ́n epo kúnná bí eruku, epo inú gíláàsì wọn sì dọ́gba. Wọn ò níṣòro kankan. Rọ́bà ló ti sán, ọ̀kan sì ti jò dé ara ẹ́ńjìnnì.

Iracilda dá ahá padà. "Ẹ bá mi ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí o. Marlise ọmọ mi ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀ ní Tubarão nísàlẹ̀ òkè. Lọ́la ni mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá a."

Ọwọ́ Valdomiro dúró. Ó mọ ọ̀nà yẹn, kọ́nà lórí kọ́nà, kùrukùru tí kì í jẹ́ kéèyàn rí imú ara rẹ̀. Epo á máa jò sórí irin gbígbóná, obìnrin náà á sì dá wà níbẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó kó rọ́bà pupa jáde.

"Kí ló máa ń ṣe é gan-an?" Iracilda bi í. "Kí n lè mọ ohun tí màá ṣe tó bá kú sójú ọ̀nà."

Ó lè parọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Valdomiro ò tiẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, rọ́bà dúdú mẹ́jọ wà níbẹ̀.

"Kò ní kú. Èmi ni mò ń pa á. Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Ìyókù, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ ṣáà máa wá ni."

Iracilda mú ọ̀kan nínú rọ́bà náà, ó wò ó, ó sì dá a padà. Valdomiro fi rọ́bà pupa sí i, ó sì to gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó parí, kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe, ló bá rọ omi sínú ahá, ó gbé e fún un. Obìnrin náà rọra fà á títí ó fi gbẹ.

"Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé mi àti tiyín," ó ní. "Ká ní ẹ ní kí n wá mu ṣimaráò ni, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn wá. Lójoojúmọ́."

Ó na ahá sí i.

"Ẹ ṣé, Seu Valdomiro."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn. Valdomiro dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ahá lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí sí i títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà, kò sì wúkọ́ rárá. Omi ṣì pọ̀ nínú kẹ́tùlù.